Wọ́n Ní A Ò Ní Ẹ̀sùn

Àti pé ta ló sọ fún wọn pé a ò ní ẹ̀sùn? Àṣàkẹ́, mo ní ta ló sọ ọ́? Ṣé èmi ni? Ṣé Màmá Ngozi ni? Àbí ògiri pálọ̀ mi ló lanu tó bá òyìnbó sọ̀rọ̀? Láti ọjọ́ tí ìwé yín ti dé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń hó nínú mi bí omi gbígbóná. Bàbá ẹ bẹ̀ mí títí pé kí n fi í sílẹ̀, kí n kàn kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun, kí n fi àdúrà tì í lẹ́yìn, kó parí síbẹ̀. Mo ní rárá o. Oríire yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọmọ tí kò já mọ́ nǹkan kan, ta ló ń ráyè bínú sí i?

Ó dáa, jẹ́ kí n kí ọ ná, kí bàbá ẹ lè sinmi.

Kú oríire, ọmọ mi. Ìwọ Fúnmiláyọ̀, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí sí Sabon Gari níbí, tí Háúsá dé ẹnu ẹ kí Yorùbá tó dé e, tó jẹ́ pé tí mo bá nà ọ́ ní kékeré, "Wayyo Allah!" lo máa ń ké, tí àwọn ará àdúgbò á máa bi mí pé ọmọ ta ni mo jí gbé. Ìwọ náà ni yunifásítì tó wà ní Samaru àti yunifásítì àwọn òyìnbó jọ mú, ìwọ àti òyìnbó onírùngbọ̀n pupa yẹn, wọ́n ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe olórí ìwádìí nípa bó ṣe yẹ kí ìjọba tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé tí wọ́n sì ti padà wá. Wọ́n gbé ọ kọjá òkun. Wọ́n fún ọ ní ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ ń wo ọgbà òdòdó. Wọ́n ní tí ẹ bá parí tibí, ẹ máa gbé e lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè míì tí ogun ti jà, kí ìjọba tiwọn náà lè rí nǹkan kọ́. Wallahi, mo ka lẹ́tà yẹn, mo dìde nídìí máṣíìnì, mo jó yí i po. Aṣọ ọmọ iléèwé kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ti rán apá rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ìyá ọmọ náà wá gbà á. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, ọmọ mi ti di olórí." Ó ní, "Olórí kí ni?" Mo ní, "Olórí òyìnbó." Ó wo aṣọ, ó wò mí, ó ní òun bá mi yọ̀, àmọ́ kí n ṣáà tú apá ọmọ òun kúrò lọ́rùn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Mo dìde sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Alàgbà kan, o mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa, ó wúkọ́. Ó ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ò rí ọkùnrin mú ni?" Mo ní, "Wọ́n rí wọn, Alàgbà. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán ni wọ́n fi mú ọmọ mi." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà kò kí mi mọ́. Kó máa bínú lọ. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra.

Ìyẹn ni ti ìdùnnú. Ó pọ̀ jù báyìí lọ, ìwé ni ò ní gbà á. Wàyí o, fìdí lélẹ̀ kí o gbọ́ ti ìbínú.

O fi ẹ̀dà ìwé ìwádìí yín ránṣẹ́ sí mi, o ní kí n fi yangàn kí ẹ tó fọwọ́ sí i fún ìjọba. Mo fi yangàn. Mo gbé e lọ sí abẹ́ ibòji iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé dikiṣọ́nárì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo pe àwọn obìnrin tí ẹ bi ní ìbéèrè kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí òyìnbó kọ nípa wọn. Gbogbo wọn wá. Màmá Ngozi tilẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ pa kó tó wá, bẹ́ẹ̀ o mọ̀ pé kì í ti ṣọ́ọ̀bù nítorí òkú. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Nígbà tí ìlú dàrú, tó fa Ngozi lọ́wọ́ kúrò níléèwé tó sá lọ sí ilẹ̀ wọn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni máṣíìnì rẹ̀ wà títí ogun fi parí tó padà wá.

Mò ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, orí mi ń wú. Mo wá dé ibì kan. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn obìnrin tó padà sí Sabon Gari ti fìdí kalẹ̀ dáadáa, pé wọn ò ní ẹ̀sùn kankan. Ẹ ní nítorí náà, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí ìjọba ṣí fún àwọn ọmọ tí ogun já kúrò níléèwé, ìjọba lè tì í báyìí, kí wọ́n kó àwọn tíṣà rẹ̀ lọ síbòmíì. Mo kà á tán. Mo tún un kà. Mo rò pé dikiṣọ́nárì ló ń purọ́.

Màmá Ngozi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Haba! Àwa kọ́ nìyẹn. Ìwé ìlú míì ni wọ́n ṣì fi ránṣẹ́."

Mo ní, "Àwa ni. Sabon Gari ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ó ní, "Àwa wo ni ò ní ẹ̀sùn? Èmi tí ọmọ mi ga ju tíṣà rẹ̀ lọ?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣé o rántí Ngozi? Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, òun ṣì wà ní praímárì láàárín àwọn tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. "Àǹtí" ni wọ́n ń pè é nínú kíláàsì. Tí wọ́n bá jà, òun ni wọ́n ń wá fẹjọ́ sùn. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan ló fi ń sáré bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn bíi tiẹ̀ ló kún ibẹ̀, wọ́n ga gbọọrọ, kò sẹ́ni tó ń fi ẹnì kankan ṣẹ̀fẹ̀. Tíṣà wọn sì ti sọ fún àwọn òbí pé ìwé yín ni ìjọba ń dúró dè. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i bó ṣe wà yìí, wọ́n máa ti ilẹ̀kùn.

Mo wá kọjú sí Màmá Ngozi. Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n wá bi ọ́ nínú pálọ̀ mi, etí mi báyìí ló gbọ́ ọ nígbà tí o ní o dúpẹ́, o ní lafiya lau, àlàáfíà ni. Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

Ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, "Ta ló se ìrẹsì?"

Mo ní, "Ìrẹsì wo?"

"Ìrẹsì àti dòdò tí o kì bọ̀ wá lẹ́nu kí àwọn àlejò ẹ tó dé. O ní ká wọ aṣọ tó dáa. O ní ọmọ ẹ ń mú òyìnbó bọ̀, ká má dójú tì ọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò, ṣé ó lè sọ òdodo?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ̀bi ìrẹsì ló wá kàn báyìí?"

Ó ní, "Ìrẹsì ò jẹ̀bi. Inú ẹ ló dùn jù lọ́jọ́ yẹn, Màmá Fúnmi. O jókòó bí ìyàwó tuntun. Ta ló máa da omi sí i? Ìwọ tí o tọ́jú máṣíìnì mi. Kí n wá dìde níwájú àlejò ọmọ ẹ, kí n máa ka ìyà mi sílẹ̀? Mi ò lè ṣe é. Mo rò pé wọ́n máa padà wá lọ́jọ́ kejì, bí èèyàn ṣe ń ṣe."

Bí èèyàn ṣe ń ṣe. Àṣàkẹ́, ṣé o gbọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Mo fẹ́ bá a jà, mi ò rí ibi tí mo máa dì mú. Òótọ́ ni mo se ìrẹsì, òótọ́ sì ni mo wọ gèlè tó ga ju fèrèsé lọ. Ọmọ mi ń bọ̀, kí ni kí n wọ̀, àkísà?

Àmọ́ ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí wọ́n bí síbí! Níbí, ọjọ́ àkọ́kọ́, ìkíni ni. Wọ́n bi ọ́ nípa ilé, o ní lafiya. Wọ́n bi ọ́ nípa àárẹ̀, o ní kò sí. Wọ́n bi ọ́ nípa ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, o ní ó ti ń gbádùn. Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn ẹ, lafiya lau. Ọjọ́ kejì, tí àlejò bá padà wá dúpẹ́ oúnjẹ àná, ìgbà yẹn lo máa fa àga sún mọ́ ọn, wàá ní, "Jókòó, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ." Òyìnbó ò mọ̀ ọ́n, mi ò bá a jà púpọ̀. Ìwọ ni mo ń bá jà. Ẹ jẹun mi tán, ẹ gba lafiya, ẹ kó sínú mọ́tò, ẹ lọ. Ẹ ò padà wá dúpẹ́. Ẹ mú ìkíni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pè é ní èsì.

Ọ̀gá yín ní Samaru náà jẹ̀bi, sọ fún un pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Láti Samaru sí Sabon Gari, tó bá bu tíì kó tó wọ takisí, tíì ò ní tíì tutù tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa. Ǹjẹ́ a rí i? Onírùngbọ̀n pupa náà jẹ̀bi tiẹ̀. Ó wọlé, ó wo yíká, ó lọ jókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀ sórí àga bàbá ẹ, àga tí ẹ̀yin ọmọ gan-an kì í jókòó lé. Bàbá ẹ dúró títí ẹ fi ṣe tán, wọ́n fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Òyìnbó náà gbójú sókè, ó ní kí o bá òun bi wọ́n bóyá àwọn náà ní ẹ̀sùn. Bàbá ẹ, tó wà lórí ìdúró nínú ilé ara wọn, ní kò sí ẹ̀sùn o! O túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú ẹ rí àga, ojú ẹ rí bàbá ẹ, o sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Àṣàkẹ́. Kì í ṣe ẹnu nìkan lèèyàn fi ń dáhùn.

Bàbá ẹ ní tí mo bá bínú tán, kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn. Mi ò tíì bínú tán, àmọ́ mo lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Èkínní. Má ṣe máa mi orí sí ohun tí kò yé ọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá ẹ, abúlé Bomo la gbé, torí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko ìjọba ní Samaru. Háúsá tí mo gbọ́ ò ju "sannu" lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tí ìyá onílé wa bá ti ń sọ̀rọ̀, màá máa rẹ́rìn-ín, màá ní, "To. To. Madalla." Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo ní, "To." Ó dì mọ́ mi, ó súre fún mi. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo ti rí ojúure. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tú gbogbo ewúrẹ́ ilé lé mi lọ́wọ́. Àṣé mo ti gbà pé èmi ni màá máa dà wọ́n lọ jẹko! Ìyàwó tuntun! Bàbá ẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n rí obìnrin kan tó ń sáré tẹ̀lé òbúkọ nínú oko ọkà bàbà olóko, wọ́n ní, "Ẹ wo ìyàwó oníyàwó bó ṣe ń ya wèrè." Ìgbà tí mo yíjú padà ni wọ́n tó mọ̀ pé ìyàwó àwọn ni. Títí di òní, tí mo bá ní "To" nínú ilé yìí, wọ́n á ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?"

Níbi ìpàdé yín lọ́hùn-ún, wọ́n á máa sọ òyìnbó tó gùn bí ọ̀nà Kano. Má mi orí. Tí wọ́n bá ní àwọn èèyàn ti fìdí kalẹ̀, bi wọ́n: àwọn wo? Nílé wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ló sì jókòó tì í nígbà tó ń sọ ọ́? Wọ́n lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rín in. Ẹ̀rín wọn ò le tó dída ewúrẹ́.

Èkejì. Má fi ara ẹnì kan gé aṣọ fún gbogbo èèyàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún mi. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ní kí n wá wọn gbogbo wọn, mo ní kí ni mo fẹ́ wọ̀n, èmi tí ojú mi jẹ́ tépù? Olórí akọrin nìkan ni mo wọ̀n, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, mo gé gbogbo rẹ̀ bíi tiẹ̀. Ọjọ́ Ìkórè dé. Àwọn obìnrin ń fa aṣọ nílẹ̀ tuurutu. Wọ́n dìde láti kọrin, ọ̀kan tẹ aṣọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣubú lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn ṣubú lu èyí tó tún wà níwájú. Orin já. Olórí akọrin nìkan ló dúró, aṣọ rẹ̀ bá a mu rẹ́gí, ó ń dá orin kọ. Mo sá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde.

Ẹ fẹ́ gbé ìwé Sabon Gari lọ sí orílẹ̀-èdè míì? Ẹ kọ́kọ́ wọn àwọn tó wà níbẹ̀. Ogun tiwa kọ́ ni ogun tiwọn. Kódà kí lẹ tíì wọ̀n níbí? Àwọn obìnrin tó wà ní Basawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè, tí ọkọ wọn jẹ́ sójà, tó lọ sí ogun náà tí kò dé, ta ló bi wọ́n? Ṣé torí pé wọn ò sá kúrò nílé ni ẹ fi ní ogun ò kàn wọ́n? Lẹ́yìn tí ẹ bá sì wọ̀n wọ́n tán, ẹ má rán an parí. Aránṣọ gidi á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ta aṣọ pọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á pe ẹni tó ni ín, á ní, "Wọ̀ ọ́ wò. Gbé apá sókè. Jókòó. Dìde. Ṣé kò fún ọ?" Ibi tó bá ti fún un, á tú u, kò ní bínú. Ẹ mú ìwé yín wá kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò. Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò, ara rẹ̀ ló rán aṣọ fún.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò mọ̀ mọ́.

O máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ pé ìyá ẹ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ níwèé. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ, mi ò ní purọ́. Àmọ́ kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Bàbá mi ní obìnrin tó bá mọ̀wé, lẹ́tà ló máa fi máa pe àlè. Mo ti dàgbà, mo ti ń kọ́ṣẹ́, kí n tó lọ jókòó sí kíláàsì á-bí-dí ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn ọmọdé. Bẹ́ǹṣì yẹn kéré, orókún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá nu imú tán ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka "Jésù". Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, tíṣà náà bá wọn rín in. Mo dìde, mo gbọn ìró mi, mo jáde, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Ìwé tí n bá jókòó kọ́ wẹ́rẹ́, mo ń ṣá a jẹ kiri bí adìyẹ: lára páálí ọṣẹ, lára bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà, lára ìwé tìrẹ nígbà tí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Mo rí i kọ́ ṣá. Mo ti ka ìwé yín tán, dikiṣọ́nárì ń jẹ́rìí. Àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn, ọmọ mi, ọ̀pọ̀ ló sì gbà á tí kò dé ibi kankan. Torí náà, ẹ̀rín èèyàn ò gbọdọ̀ lé ọ kúrò nídìí ohun tí o ń wá. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ: má fọwọ́ ẹ ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ ẹlòmíì, kó má baà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín nìkan ló ṣẹ́ kù fún un.

Ngozi wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì tí a ka ìwé yín. Ó ń bá mi ṣẹ́ etí aṣọ. Ó ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ ti kíláàsì wa?" Mo ní ìwé ò tíì parí. Ó ní, "Tí wọ́n bá tì í, mi ò lọ iléèwé mọ́ o. Mi ò lè máa jẹ́ àǹtí títí." Ó tún tẹrí ba sórí aṣọ. Èmi tí ẹnu mi kì í tì, èmi tí mo dá alàgbà lóhùn láàárín ìjọ, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún ọmọ yẹn.

Nípa òyìnbó yẹn, má bá a jà nítorí mi. Ọwọ́ méjì ló fi gba omi lọ́wọ́ mi, ó sì bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ olórí ni wọ́n fi ọ́ ṣe, wọn ò fi ọ́ ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe kì í ṣe kí ẹnì kan máa ronú kí ẹnì kejì máa tú u sí Háúsá. Ohun tí òun ò lè rí nínú pálọ̀ mi, ìwọ rí i. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi mú ọ, kì í ṣe torí gírámà. Gírámà pọ̀ ní ìlú wọn ju erùpẹ̀ lọ. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Tó bá bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ tún fẹ́ padà síbi tí ẹ ti ṣe tán, sọ fún un pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá bínú, kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi á kọ̀wé sí i. Òyìnbó tèmi ò dùn, àmọ́ ó mú.

Bàbá ẹ ní kí n bi ọ́ nípa ọkọ. Mo ti bi ọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Mo lọ bá Màmá Ngozi. Mo ní tí o bá padà wá, ṣé wọ́n máa jókòó, ṣé wọ́n máa sọ ọ́? Ó kọ̀. Ó ní àwọn ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ti rí ohun tó dà. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi, mo bẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lójú àwọn oníbàárà! Ó wá ní òun gbọ́, àmọ́ kì í ṣe pálọ̀ mi ni wọ́n máa jókòó sí, ọ̀dọ̀ òun ni. Kò sí ìrẹsì. Ẹ máa wá lónìí, ẹ máa padà wá lọ́la. Ìwọ ni kí o wá, kí o má ránṣẹ́. Èmi ò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Mo ní, "Èmi? Ìyá rẹ̀?"

Ó ní, "Ìwọ gan-an. Tí a bá ti rí bí inú ẹ ṣe ń dùn sí ọmọ ẹ, àánú ẹ máa ń ṣe wá, a máa ń purọ́."

Ó dùn mí dé egungun. Ọmọ mi á wá ṣiṣẹ́ olórí ní àdúgbò mi, gbogbo ayé á rí i, èmi nìkan ni mi ò ní rí i. Ojú ọ̀nà ni màá máa wò bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo gbà. Mo ní Samaru ni màá wà lọ́jọ́ méjèèjì, kí n má baà gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ yọjú. Ohun tí mo lè ṣe, mo ti ṣe é.

Ó ku tìrẹ. O ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lẹ máa fọwọ́ sí ìwé yẹn, ìwọ àti òun. Má kọ̀wé sí bàbá ẹ pé kí wọ́n bá ọ bẹ̀ mí. Má sọ fún mi pé o ti gbọ́, pé wàá rí sí i. Fúnmiláyọ̀, orúkọ tí mo fún ọ ló máa wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìlú tí mi ò lè pe orúkọ wọn ló sì máa kà á. Ṣé wàá wá jókòó ti àwọn obìnrin yìí kí o tó fọwọ́ sí i, àbí o ò ní wá? Ngozi tún ń bọ̀ ní Sátidé. Kí ni kí n sọ fún un? Dá mi lóhùn.